Ọdún Tí Bàbá Mi Kò Sí Nínú Rẹ́kọ́ọ̀dù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi kan tó wà ní yunifásítì wá kí mi. Kì í ṣe pé àárò mi sọ ọ́ o. Iṣẹ́ ni wọ́n fún un níléèwé. Wọ́n ní kó lọ wá ìtàn ìran rẹ̀ nínú ìwé àti nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó ti rí ìwé pẹlẹbẹ kan nípa ilé wa ní Ọ̀tà, èyí tó ní páálí aláwọ̀ ewé, ẹnì kan ti ya ojú ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí fóònù. Ó jókòó tì mí, ó gbé fóònù náà sún mọ́ mi létí bí ẹni pé etí ni mo fi ń ríran, ó ní, "Màmá Àgbà, ẹ sọ̀rọ̀ Gbajúmọ̀ fún mi, jagunjagun ilé yín tó dá nìkan lé ọ̀tá padà." Mo ní, "Jagunjagun wo?" Ó ní, "Ó wà níbí mà, ojú ewé kejìlá." Mo rẹ́rìn-ín títí àwọn ehín tó kù sí mi lẹ́nu fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Ọmọ náà ń wò mí pẹ̀lú àánú, bí wọ́n ṣe ń wo àgbà tí iyè rẹ̀ ti ń ra. Àwọn àgbà sọ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kò sọ ni bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe rí bí wọ́n bá tẹ irọ́ náà síwèé, tí wọ́n sì fi páálí aláwọ̀ ewé bò ó. Òtítọ́ á lé e bá lóòótọ́, á wò ó láti òkè délẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú sà, n kò mọ̀ pé ẹ ti di ìwé."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lọ́dún tí wọ́n kọ ìwé náà. Agbo ilé wa wà ní àárín gbùngbùn Ọ̀tà, yàrá yí àgbàlá ká, igi àgbálùmọ̀ kan sì dúró láàárín tí kì í so dáadáa ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé nítorí pé bàbá bàbá mi ló gbìn ín. Àwọn tó ń kọ ìwé máa ń sọ pé àkùkọ ló ń jí ará ìlú. Ní ilé tiwa, fèrè kọ́ńpìnnì ni. Láti ìhà Ṣàngó ló ti ń dún wá, àkùkọ wa sì ti kọ́ ọgbọ́n; á dúró kí fèrè kọ́kọ́ dún tán kí òun náà tó kọ, bí akọ̀wé kékeré tó ń retí kí ọ̀gá sọ̀rọ̀ ná. Lẹ́yìn ìyẹn ni wàá gbọ́ ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà nínú àgbàlá, ṣà, ṣà, ṣà, kó tó wá kan omi ògì tí ìyá mi ń sẹ́. Ògì ni ìyá mi ń tà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fọ aṣọ tí wọ́n fi sẹ́ ẹ, kí n da èèrí fún ewúrẹ́, kí n pọnmi kún ìkòkò méjì, kí n tó wọ aṣọ iléèwé. Bí mo bá ń ráhùn, Ìyá Àgbà á ní, "Má ráhùn, ọmọ mi. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ní kékeré, bó bá dàgbà tán, á tún ṣiṣẹ́." Òtítọ́ pọ́ńbélé ni. N kò tíì sinmi títí dòní.

Ọdún yẹn ni kọ́ńpìnnì ń hù ní Ṣàngó àti ní Agbára bí olú. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń ti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun rọ́ wá. Ẹ̀rọ tó ń ṣe bisikíìtì ń pè wọ́n, ẹ̀rọ tó ń ṣe ìṣó ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní yàrá tí wọn óò sùn sí. Bẹ́ẹ̀ ni yàrá ṣe di ohun iyì lọ́wọ́ wa. Ibi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́ tẹ́lẹ̀, o lè dé ibẹ̀ lónìí kí o bá ènìyàn tó ti tẹ́ ìbora sílẹ̀, tó ń kí ọ pé "ẹ káàárọ̀ mà" bí onílé. Èmi àti ìyá mi ní yàrá méjì ní ìhà ìlà-oòrùn, èyí tí bàbá bàbá mi fún bàbá mi nígbà tó gbéyàwó. Bàbá mi ti kú ní àsìkò òjò ọdún tó ṣáájú, àìsàn ọjọ́ mẹ́rin péré. Ẹ fi yàrá méjì yẹn sọ́kàn, torí nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé bá ń sọ pé ìtàn ni àwọn ń wá, ó dára kí èèyàn wo ibi tí wọ́n ń wo nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́.

Ọdún yẹn náà ni Bàbá Ìwé fẹ̀yìntì dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, bàbá kan náà ló bí wọn, ìyá wọn yàtọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti mú un lọ sọ́dọ̀ ẹbí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta kó lè lọ síléèwé. Ibẹ̀ ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti ṣe akọ̀wé títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ó kó àpótí mẹ́ta wálé, aṣọ wà nínú ọ̀kan, ìwé wà nínú méjì. Bàbá Ìwé kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ níjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ o. Ìyá mi ló fún un ní orúkọ yẹn, torí pé nílẹ̀ wa, ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nínú ilé ọkọ lórúkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Bí wọ́n bá bí ọmọ kan ní àárọ̀, tí o sì wọlé bí ìyàwó ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ rẹ ni ọmọ yẹn. Wàá wá orúkọ mìíràn tí wàá máa fi pọ́n ọn lé. Inú Bàbá Ìwé dùn sí tirẹ̀ bí ẹni pé oyè ni wọ́n fi jẹ. Ọkùnrin tí gbogbo obìnrin ilé ń fi orúkọ ìnagijẹ pè láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, òun náà ni yóò jókòó tì ìwé, tí yóò sì gbàgbé pé irú àṣà bẹ́ẹ̀ wà láyé. Ìmọ̀ ìwé jinlẹ̀ lóòótọ́.

Kò tíì lo oṣù kan nílé tó fi ní òun kò lè máa wo ilé wa níran láìní ìtàn. A wojú ara wa. A ti rò pé a ní ìtàn tẹ́lẹ̀. Ìyá Àgbà wà níbẹ̀, ìyàwó ìkẹyìn bàbá bàbá mi, òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn ìyàwó rẹ̀. Bó bá jókòó sórí àpótí ìdáná tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ilé ṣe rí nígbà tí wọ́n mú òun wọ̀ ọ́, ọbẹ̀ á jóná lórí iná, ẹnikẹ́ni kò sì ní bínú. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìwé ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu, afẹ́fẹ́ ni. Ohun tí kò bá sí nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, kò ṣẹlẹ̀." Ìyá Àgbà bi í léèrè pé ṣé bíbí tí wọ́n bí i wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ti búra ọjọ́ orí ní kóòtù, ìwé rẹ̀ wà nínú fáìlì òun. Ìyá Àgbà ní, "A dúpẹ́ o. Ẹ̀rù ti ń bà mí."

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láràárọ̀ nìyẹn, pẹ̀lú agbòòrùn àti fáìlì, lẹ́yìn tó bá ti mu tíì tó sì jẹ búrẹ́dì tán, torí ó ní ògì kì í jẹ́ kí ọpọlọ ṣiṣẹ́. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé ìwé ìrìbọmi fún un, eku ti ṣe ìrìbọmi tirẹ̀ sínú rẹ̀. Ó lọ sí mọ́ṣáláṣí, lèmọ́mù ní àwọn kì í kọ orúkọ òkú sílẹ̀, Ọlọ́run mọ̀ wọ́n, kì í sì í gbàgbé. Ó da ọ̀rọ̀ ara kàlẹ́ńdà àtijọ́ tó wà lára ògiri àwọn aládùúgbò kọ. Níkẹyìn, ó rí ohun tó ń wá nínú yàrá ìkẹ́rù káńsù kan, lábẹ́ táyà ọkọ̀ tó ti jẹrà: ìwé ńlá kan tí wọ́n fi ka ará ilé kọ̀ọ̀kan nígbà ayé àwọn òyìnbó. Ojú ewé tiwa wà níbẹ̀. Orúkọ bàbá bàbá mi ló wà lókè, torí pé àwọn agbowó-orí ti mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ àwọn ọmọ tẹ̀lé ara wọn. Ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ orí sí, ikán ti jẹ ẹ́ tán. Ikán mọ ibi tó ládùn nínú ìwé. Wọ́n gbà fún Bàbá Ìwé kó gbé e wálé wò, ó sì ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan án. Bó bá jẹ́ pé ó fọ etí rẹ̀ náà ni, ọ̀rọ̀ wa ì bá má rí bẹ́ẹ̀.

Orúkọ ọmọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀: Gbajúmọ̀, Eyínfúnjowó, Adúmáadán, àti Asunkúnjẹ̀kọ. Bàbá Ìwé kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ tó mọ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá dìde lọ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan. Bàbá Ìwé kò béèrè, ó ronú. Ó ronú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, à ń gbọ́ bí àga rẹ̀ ṣe ń dún. Nígbà tó máa fi dìde, ó ti rí i pé àwọn baba ńlá tí ìtàn ti gbàgbé ni wọ́n, pé akọ̀wé ló ṣèèṣì kọ wọ́n sí ìsàlẹ̀, ó sì ti fún ẹnì kọ̀ọ̀kan níṣẹ́. Gbajúmọ̀ di jagunjagun. Eyínfúnjowó di obìnrin oníṣòwò tó ń ná ọjà dé Àgbádárìgì. Adúmáadán di alágbẹ̀dẹ, èédú ló sọ ọ́ dúdú, òun ló rọ idà tí Gbajúmọ̀ fi jà. Asunkúnjẹ̀kọ nìkan ló nira. Ó ṣòro láti fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ borí ogun. Bàbá Ìwé kọ ọ́ pé alágbe ni, ẹni tí kò ní ìran, tí ilé wa gbà sílé nítorí àánú, tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ bọ́.

Ó wá ku àwọn ọmọ tí a mọ̀. Bàbá Ìwé ní òun kò sí nínú ìwé náà torí pé òun ti wà níléèwé ní Abẹ́òkúta nígbà náà. Ó ní Bàbá Lámídì, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tí etí rẹ̀ ti di tó ń gbé yàrá ẹnu ọ̀nà, kò sí níbẹ̀ torí pé ó lọ sóko. Ìyá Rísì, àbúrò wọn obìnrin, tẹ̀lé e lọ sóko. Bàbá mi nìkan ló kù. Bàbá mi ti kéré jù fún iléèwé, ó sì kéré jù fún oko. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ilé wa ni wọ́n bí i sí, ilé ló yẹ kí wọ́n ti bá a. Rẹ́kọ́ọ̀dù kò bá a. Bí ọ̀rọ̀ bàbá mi ṣe parí nìyẹn. Àwọn alààyè rí ẹni bá wọn wá àwáwí. Òkú kì í jiyàn.

Ó wá bá ìyá mi níbi tó ti ń sẹ́ ògì. Mo wà níbẹ̀, aṣọ wà lọ́wọ́ mi.

"Ìyá Bọ́lá," ó ní, "mo ní ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Rẹ́kọ́ọ̀dù ni."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ìwé. Kí ni rẹ́kọ́ọ̀dù wí?"

"Ó ní ọkọ rẹ kì í ṣe ọmọ ilé yìí."

Ìyá mi kò gbójú sókè. Ó fún aṣọ ògì náà títí ìkán omi tó kẹ́yìn fi jáde. "Ta wá ni a sin lọ́dún tó kọjá," ó ní, "tí ẹ̀yin fúnra yín dì mọ́ òpó, tí ẹ ń sunkún pé àbúrò yín lọ?"

"N kò tíì rí rẹ́kọ́ọ̀dù nígbà náà."

"Ẹkún yẹn ńkọ́? Ẹ ó gbà á padà ni?"

Bàbá Ìwé ní kò yẹ kí obìnrin máa fi ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá là á mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ kejì, òun yóò ka ìwé ìtàn náà létí gbogbo ẹbí, wọn yóò tẹ̀ka sí i, lọ́jọ́ kejì yóò lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé ní Joju. Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé, àlejò ni. Yàrá àlejò yóò padà sọ́wọ́ ẹbí. "Kì í ṣe pé à ń lé ọ o," ó ní. "Wàá máa wá kí wa."

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì ìṣó, fi dé ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Bàbá ní kí n wá wọn ibi tí bẹ́ẹ̀dì mi máa wà." Ó na okùn náà láti ògiri dé ògiri, ó gbé e kọjá lórí mi níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ iléèwé mi, ó ní, "Ẹ má bínú o, àbúrò." N kò tíì rí olè tó níwà bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá mi bu ògì gbígbóná fún un, ó ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà, ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ fi okùn wọ̀n wá kó tó dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá mi lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ bá ọkọ mi nínú ilé yìí. Ẹ̀yin lẹ pọ̀n ọ́n. Bí ìpàdé bá pé, ẹ dìde, ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ ní ọmọ ilé yìí ni."

"Kí n pe kí ni?"

"Orúkọ rẹ̀, Ìyá."

"Orúkọ ta? Orúkọ ọkọ mi?" Ìyá Àgbà gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti da omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tí mo fi wọlé, orúkọ ọ̀kankan nínú wọn kò tíì gba ẹnu mi jáde. Àwọn ìyálé mi kò rí mi mú, bàálé kò rí mi mú. Ṣé ìgbà tí ehín mi kò pé mọ́ ni kí n wá máa kọ́ ọ?"

"Ó ti kú, Ìyá. Kò ní gbọ́."

"Bí òun bá ti kú, ṣé èmi náà ti kú ni?"

"Yàrá wa ń lọ, Ìyá."

"Mo gbọ́," Ìyá Àgbà ní, ó sì gbé atẹ ẹ̀wà rẹ̀ padà.

Mo kórìíra rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo ń wo ìyá mi bó ṣe ń kó asẹ́ jọ, tó ń fi aṣọ di ìkòkò, tí kò sọ ibi tí à ń lọ torí pé òun náà kò mọ̀ ọ́n. Mo rò ó lọ́kàn ọmọdé mi pé kí ni ọ̀rọ̀ kan péré máa ṣe fún ẹnu. Ó di ìgbà tí èmi náà wọ ilé ọkọ, tí mo ń pe ọmọ ọdún mẹ́fà kan ní "Ọ̀gá Mi", kí n tó mọ̀ pé ilé mìíràn wà tó jẹ́ pé ohun tí ènìyàn kò sọ ló fi kọ́ ọ.

Ọjọ́ Àìkú pé. Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín. Àwọn ọkùnrin jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, àwọn obìnrin jókòó lẹ́yìn, níbi tí Bàbá Ìwé ní kí wọ́n ti máa gbọ́ kí wọ́n má sì dá sí i. Ó wọ kóòtù, ó wọ awò ojú, ó kàwé. Ó kà á bí ẹni ń wàásù. Nígbà tó dé ibi tí Gbajúmọ̀ ti ń fi apá kan ṣoṣo lé ọ̀tá padà, Bàbá Lámídì ti sùn lọ lórí àga rẹ̀, ó ń han-run. Ìyá Rísì nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó dà bí ẹni pé mo ti gbọ́ orúkọ yẹn rí."

"Kò ṣeé ṣe," Bàbá Ìwé dáhùn. "Ó ti kú kí wọ́n tó bí ọ."

Ó ń bá a lọ. Ó ka Eyínfúnjowó, Ìyá Rísì tún yí ara padà lórí àga. Ó ka alágbẹ̀dẹ. Ó wá dé orí Asunkúnjẹ̀kọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bó ṣe yẹ kí èèyàn rẹ̀ ẹ́ fún tálákà: "Alágbe yìí kò ní ìran, kò ní ilé, ṣùgbọ́n àánú àwọn baba wa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀..."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn. Ìyá Àgbà ni. Ó di ikùn mú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín, Ìyá?"

"Níbo lẹ ti rí orúkọ yẹn, Bàbá Ìwé?"

"Nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, Ìyá."

"Ó dára. Ta ló sọ ọ́ fún rẹ́kọ́ọ̀dù?"

Bàbá Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ojú ewé padà. Nínú gbogbo ìwé tó ti kà, n kò rò pé ìbéèrè yẹn wà nínú ọ̀kankan. Ìyá Àgbà nu ojú rẹ̀ nù. Ó ní, "Akọ̀wé kan wá síbí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ṣòkòtò péńpé ló wọ̀, ó ń làágùn. Gbogbo ọkùnrin ti lọ sóko, àwa ìyàwó nìkan la wà nílé. Ó ní kí a ka àwọn ọmọ fún òun. Àwọn ìyálé mi wojú ara wọn, wọ́n ní kí èmi ìyàwó tuntun sọ ọ́. Orúkọ tí ìyàwó lè pè ni mo pè. Ó sì kọ ọ́. Kò tilẹ̀ bi mí."

"Ìyá, ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn," Bàbá Ìwé ní, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti ń wá ibi tó máa fara pamọ́ sí. "Ẹ̀rí dà?"

"Ẹ̀rí?" Ìyá Àgbà dìde. Ó rìn wá sí àárín àgbàlá, ó fọwọ́ ká ẹnu, ó sì pè, kì í ṣe ohùn arúgbó rẹ̀ tí a mọ̀, ohùn mìíràn tí a kò gbọ́ rí, ohùn ìyàwó tó ń ṣí ẹ̀kọ láàárọ̀: "Gbajúmọ̀ o! Ẹ wá jẹun!"

Bàbá Lámídì, tí fèrè kọ́ńpìnnì kì í jí, ta kìjí lójú oorun. "Mò ń bọ̀ o!" ló pariwo, ó sì ti ń wá bàtà rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀.

"Eyínfúnjowó!"

Ìyá Rísì fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Omi dà lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́. "Hàà! Èmi rè é," ó ní. "Ìyá, èmi rè é. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀."

Ìyá Àgbà yípadà sí Bàbá Ìwé. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Asunkúnjẹ̀kọ, ọkọ mi, ẹkún tó, ẹkún tó. Tìẹ rè é. Mo fi ẹyọ kan lé e." Ó na ọwọ́ bí ẹni pé ẹ̀kọ wà nínú rẹ̀. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mo wà níbẹ̀: ọwọ́ Bàbá Ìwé ti nà síwájú láti gbà á kó tó rántí pé òun ti fẹ̀yìntì.

Àgbàlá dàrú. Ẹ̀rín wá láti ibi tí ẹ̀rín kì í ti í wá. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ lu ilẹ̀. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ẹnu Ìyá Àgbà. Ó mọ iye orúkọ tó wà nínú ìwé.

"Adúmáadán!" Ìyá Àgbà pè.

Ariwo náà dín kù.

"Adúmáadán, ẹrù ẹ̀yìn mi! Wá jẹun."

Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. A ń gbọ́ bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo. Ìyá Àgbà dúró, ó dúró dè é gan-an, bí ẹni pé ẹni tó pè ń wẹsẹ̀ lẹ́yìn ilé ni. Lẹ́yìn náà ló wojú Bàbá Ìwé.

"Níbo ló wà?"

"Kò sí nílé, Ìyá." A kò mọ̀ pé Bàbá Ìwé lè sọ̀rọ̀ kéré bẹ́ẹ̀.

"Níbo ló lọ?"

"Ó ti lọ bá Bàbá."

"Ilé ta ló ti jáde lọ?"

Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó wo ìyá mi, ó wo ilẹ̀. "Ilé yìí ni."

"Kọ ọ́ sílẹ̀," Ìyá Àgbà ní. Kò fi "ẹ" ṣáájú rẹ̀ mọ́.

Bàbá Ìwé kọ ọ́. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó kọ orúkọ bàbá mi ní kíkún sínú àwọn ọmọ ilé, ó sì fi ìlà sí ìdí rẹ̀. Ohun tó kọ̀ láti ṣe ni kó yọ àwọn akọni rẹ̀ kúrò. Ó ní wọ́n ti ní nọ́ńbà ojú ewé. Orí kan ṣoṣo ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà ya, orí alágbe tó ń jẹ̀kọ. Ìyẹn nìkan ni ó sọ pé ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Nítorí náà Bàbá Lámídì, tó ń sá fún àkùkọ, ti di jagunjagun lójú ewé kejìlá, bàbá mi sì wà nínú ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó jẹ́ ọmọ ilé ní ìbẹ̀rẹ̀, ó tún jẹ́ baba ńlá ara rẹ̀ ní àárín, ó ń rọ idà. Èmi kò lè ráhùn. Ọ̀pọ̀ bàbá ni kò sí nínú ìwé kankan. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ rí yàrá gbà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ìwé ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí Bàbá Ìwé gbé àpótí ìwé méjèèjì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka, Ìyá Àgbà gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò sókè sódò, ó wá pè mí. "Bọ́lá, wá. Ìwọ lo mọ̀wé. Ṣé òun ló kọ?" Mo wá síwájú. Gbogbo ilé ń wò mí, ìyá mi dìde dúró. Mo rí i níbẹ̀, yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ. N kò tíì fi ẹnu mi pè é rí láyé mi. Mo la ẹnu, mo ka orúkọ bàbá mi sókè ketekete, èyí tí wọ́n sọ ọ́ àti èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń kì í, kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè gbọ́. N kò tíì kà á parí tí àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Àgbà fi bò mí lẹ́nu, ọwọ́ náà gbóná.

"Ó tó," ó ní. "A ti gbọ́. Ta ló kọ́ ọ láti máa pe bàbá rẹ lórúkọ?"